Kí Ló Já Nígbà Tí Bíréèkì Tírélà Bá Já?

Gbogbo wa la mọ gbólóhùn náà. Tírélà kan ti yí wálẹ̀ láti orí òkè, ó ti gun ọkọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èrò ti pé, ẹnì kan á wá sọ pé, "Bíréèkì ẹ̀ ló já." Tí wọ́n bá ti sọ báyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí. Rédíò á gbé e bẹ́ẹ̀, ìwé ìròyìn á gbé e bẹ́ẹ̀, àwa náà á kà á lórí fóònù, a ó gbàdúrà pé a ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, a ó sì kọjá lọ.

Ọ̀rọ̀ "já" yẹn ni mo fẹ́ ká tú wò. Okùn ló máa ń já. "Ìjánu" tí àwọn ìwé wa fi ń pe bíréèkì, ara ẹṣin ló ti wá: irin tó wà lẹ́nu ẹṣin, tí wọ́n so okùn mọ́, tí ẹni tó gùn ún ń fà nígbà tó bá fẹ́ kó dúró. Bí okùn yẹn bá já, ẹṣin ń sá lọ nìyẹn. Bíréèkì kẹ̀kẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀: tí wáyà ẹ̀ bá já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ ẹni ló kù tí èèyàn máa fi wọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn bá ẹṣin mu, ó sì bá kẹ̀kẹ́ mu. Àmọ́ bíréèkì tírélà, afẹ́fẹ́ ló ń lò, ó sì ti lé ní ọdún 150 tí wọ́n ti ṣe bíréèkì afẹ́fẹ́ lọ́nà pé bí páìpù ẹ̀ bá já, ṣe ni kí ọkọ̀ dúró gbagidi.

Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, tírélà tí bíréèkì ẹ̀ "já" tó ṣì ń sá lọ, kí ló já lára ẹ̀ gan-an?

Iṣẹ́ kóòdù ni mò ń ṣe, mi ò kì í ṣe mẹkáníìkì. Ohun tó fà mí wọ inú ọ̀rọ̀ yìí ni ìbéèrè kan tí a máa ń bi ara wa níbi iṣẹ́ kí a tó gbé nǹkan síta: bí gbogbo ẹ̀ bá kú lójijì, ipò wo ló máa kú sí? Ilẹ̀kùn tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́, tí NEPA bá mú iná lọ, ṣé á ṣí sílẹ̀ ni àbí á tì pa? Kò sí ìdáhùn kan tó bá gbogbo ilẹ̀kùn mu. Ti ilé ìfowópamọ́ yàtọ̀ sí ti ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó kó yàn án. Bíréèkì afẹ́fẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí ẹ ti lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ọdún tí wọ́n yàn án gan-an.

Ojú irin ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ìgbà náà, bí dẹ́rẹ́bà rélùwéè bá fẹ́ dúró, á fọn fèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní brakeman á wá máa rìn lórí òrùlé àwọn wágọ̀nù ẹrù, wọ́n á máa fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, wọ́n á máa fi ọwọ́ yí irin róbótó tó ń fún bíréèkì wágọ̀nù kọ̀ọ̀kan pọ̀. Nínú òjò o, nínú yìnyín o, lóru o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló já bọ́ sábẹ́ ọkọ̀. Àwọn tí kò tiẹ̀ já bọ́, wọn ò lè yá tó: kí wọ́n tó yí ti wágọ̀nù kẹta, ọkọ̀ ti rìn jìnnà.

Ní 1866, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Westinghouse rí ibi tí ọkọ̀ ojú irin méjì ti forí gbárí láàárín Schenectady àti Troy, ní ìpínlẹ̀ New York. Ojú ọ̀nà tẹ́jú, ojú ọjọ́ mọ́, àwọn dẹ́rẹ́bà méjèèjì sì rí ara wọn láti òkèèrè. Wọn ò kàn ráyè dúró ni. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́kàn ẹ̀ títí tó fi ka nínú ìwé ìròyìn kan nípa ihò tí wọ́n ń gbẹ́ la òkè Mont Cenis já láàárín Faransé àti Ítálì. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ ni wọ́n ń fi páìpù gbé wọnú ihò náà lọ fún àwọn ẹ̀rọ tó ń lu òkúta. Tí afẹ́fẹ́ bá lè rin ìrìn bẹ́ẹ̀ nínú páìpù kó tún lágbára láti fọ́ òkúta, kí ló dé tí kò fi ní lè rìn lábẹ́ kóòṣì mẹ́wàá kó ti bíréèkì? Oṣù kẹrin 1869 ló gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún 22 ni.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n dán an wò nítòsí Pittsburgh. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ọkùnrin kan àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ há sórí ojú irin, dẹ́rẹ́bà sì fa bíréèkì tuntun náà, ọkọ̀ dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ sí i. Ìtàn tó dùn ni. Ṣùgbọ́n ibi tó wú mi lórí jù kì í ṣe 1869, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni.

Nínú ti àkọ́kọ́, gbogbo afẹ́fẹ́ wà nínú táǹkì kan lára ẹ́ńjìnnì níwájú. Bí dẹ́rẹ́bà bá fẹ́ dúró, á ṣí fáàfù, afẹ́fẹ́ á gba inú páìpù kọjá lábẹ́ gbogbo kóòṣì, á ti pístìn, pístìn á ti bíréèkì mọ́ táyà irin. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí hóòsì tó wà láàárín kóòṣì méjì bá bẹ́, tàbí tí ọkọ̀ bá já sí méjì lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ á tú dànù, kò sì ní sí bíréèkì fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wò ó dáadáa: ọjọ́ tí wọ́n nílò bíréèkì jù ni kò ní sí.

Ní 1872 Westinghouse yí gbogbo ẹ̀ sódì. Ó fún kóòṣì kọ̀ọ̀kan ní táǹkì afẹ́fẹ́ tiẹ̀, ó sì fi fáàfù kan tí wọ́n ń pè ní triple valve sí àárín páìpù, táǹkì àti pístìn. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú páìpù ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ń lọ. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì lágbára, fáàfù náà á máa rọ táǹkì kún, bíréèkì á wà ní títú. Bí agbára afẹ́fẹ́ inú páìpù bá lọ sílẹ̀, fáàfù á sún, á tú èyí tó wà nínú táǹkì sórí pístìn, bíréèkì á mú. Dẹ́rẹ́bà ló mọ̀ọ́mọ̀ dín in kù ni o, hóòsì ló bẹ́ ni o, ọkọ̀ ló já sí méjì ni o, ìkan náà ni lójú fáàfù. Afẹ́fẹ́ kì í ṣe okùn ìjánu mọ́. Ó ti di ìwé àṣẹ tí ọkọ̀ fi ń rìn. Gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, á dúró.

Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ irú èyí dáadáa. Kọ̀ǹpútà kan á máa ránṣẹ́ sí èkejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan pé "mo wà, mo wà." Bí ohùn yẹn bá dákẹ́, èkejì ò ní dúró kí wọ́n wá sọ fún un pé nǹkan bàjẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ìròyìn. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnì kan ti fi irin àti rọ́bà ṣe é tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí àwa tí à ń kọ kóòdù lónìí.

Ẹni tó bá rò pé ìyàtọ̀ kékeré ló wà láàárín méjèèjì, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Armagh, ní àríwá Ireland. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1889, ọkọ̀ ojú irin kan kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi àti àwọn òbí wọn, wọ́n ń lọ ṣeré létí omi ní Warrenpoint. Èrò tó lé ní 900 ló wà nínú ẹ̀. Ọkọ̀ ń gun òkè, ẹ́ńjìnnì ò lè gùn ún mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ bá ní kí wọ́n pín in sí méjì: kí ẹ́ńjìnnì kó kóòṣì iwájú lọ ná, kó padà wá kó ìyókù. Bíréèkì ọkọ̀ yìí kì í ṣe irú ti Westinghouse, fífa afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú páìpù ni tiẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àléébù ti 1869 gẹ́lẹ́ ló ní: bí wọ́n ṣe tú kóòṣì ẹ̀yìn kúrò lára ẹ́ńjìnnì báyìí, bíréèkì wọn tán. Ohun tó kù ni bíréèkì ọwọ́ kan ní ìparí ọkọ̀, àti òkúta tí wọ́n fi há táyà.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ gbéra, ó kọ́kọ́ yí sẹ́yìn díẹ̀, ó kan àwọn kóòṣì tó dúró, òkúta fọ́. Kóòṣì 10 bẹ̀rẹ̀ sí í yí sísàlẹ̀ òkè, ọkọ̀ mìíràn sì ń bọ̀ lójú irin kan náà. Èèyàn 80 ló kú, ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Kí ọdún náà tó parí, ilé aṣòfin ní London ti sọ ọ́ di òfin pé gbogbo ọkọ̀ ojú irin tó ń kó èrò gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tó máa mú fúnra ẹ̀ bí nǹkan bá já. Ọdún 17 ti kọjá tí irú ẹ̀ ti wà lọ́jà.

Òkúta lábẹ́ táyà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ sídìí ẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan láti Iowa, Lorenzo Coffin, fi ọ̀pọ̀ ọdún pariwo kiri nítorí àwọn brakeman yẹn, títí Ààrẹ Benjamin Harrison fi buwọ́ lu òfin ní 1893 pé kí àwọn ọkọ̀ ẹrù náà lo bíréèkì afẹ́fẹ́. Láàárín ìgbà náà Westinghouse ń bá ìṣòro mìíràn jà. Nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ oní wágọ̀nù 50 dán bíréèkì wò ní Burlington ní 1886, ti iwájú mú kí ìròyìn tó dé ẹ̀yìn, ti ẹ̀yìn wá ń rọ́ lu ti iwájú. Ọdún kejì ló mú fáàfù tuntun wá tí kálukú á máa tú afẹ́fẹ́ dànù níbi tó wà, kí ìròyìn lè yára dé ọ̀dọ̀ ìkejì. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì rí á rẹ́rìn-ín músẹ́ níbí.

Láàárín 1920 sí 1930 ni bíréèkì yìí kúrò lórí irin bọ́ sórí títì. Ilé iṣẹ́ Knorr-Bremse ní Jámánì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e sára ọkọ̀ akẹ́rù; ní 1930 ni wọ́n dá Bendix-Westinghouse sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún irú iṣẹ́ kan náà. Kì í ṣe agbára nìkan ni wọ́n ń wá. Ọkọ̀ kékeré ń fi epo bíréèkì ṣiṣẹ́, epo sì ní ìwọ̀n. Bó bá jò, ó tán. Tírélà rèé, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń já ẹ̀yìn kúrò lára orí tí wọ́n tún ń so ó padà. Ta ló máa máa rọ epo bíréèkì ní gbogbo ìgbà? Afẹ́fẹ́ ò lówó lórí. Bí díẹ̀ bá jò, ẹ́ńjìnnì á fún òmíràn.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí hóòsì méjì láàárín orí tírélà àti ẹ̀yìn ẹ̀, pupa kan àti búlúù kan. Búlúù ló ń gbé ohun tí ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà bá sọ. Pupa ló ń rọ táǹkì ẹ̀yìn kún, òun náà sì ni ìwé àṣẹ yẹn: bó bá já, bíréèkì ẹ̀yìn mú.

Ó ku ihò kan nínú èrò Westinghouse. Ọkọ̀ á dúró nítorí afẹ́fẹ́ tó wà nínú táǹkì ẹ̀, afẹ́fẹ́ sì máa ń jò. Bí ẹ bá fi ọkọ̀ sílẹ̀ pẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń ti bíréèkì mọ́ táyà náà á tán, ọkọ̀ á sì tú ara ẹ̀ sílẹ̀. Lóṣù keje 2013, nítòsí ìlú Lac-Mégantic ní Kánádà, wọ́n gbé ọkọ̀ ojú irin tó kún fún epo rọ̀bì sórí òkè lóru. Iná sọ lára ẹ́ńjìnnì, àwọn panápaná pa ẹ́ńjìnnì náà, afẹ́fẹ́ ò wọlé mọ́, èyí tó ń di àwọn ẹ́ńjìnnì mú sì jò tán díẹ̀díẹ̀. Bíréèkì ọwọ́ tí wọ́n fún ò tó. Ọkọ̀ náà yí wọ àárín ìlú, èèyàn 47 kú.

Ọ̀nà tí àwọn oní tírélà gbà dí ihò yìí ni sípírìngì. Lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, ìkòkò irin kan wà tí wọ́n ń pè ní brake chamber. Apá kan ẹ̀ ń gba afẹ́fẹ́ nígbà tí dẹ́rẹ́bà bá tẹ bíréèkì. Sípírìngì ńlá kan wà ní apá kejì, agbára ẹ̀ ju 1,000 pọ́n-ùn lọ, iṣẹ́ ẹ̀ kan ṣoṣo sì ni láti ti bíréèkì mọ́ táyà. Afẹ́fẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́ padà sẹ́yìn. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, sípírìngì á nà, ọkọ̀ á dúró, kò sì sí ohun tó lè jò lára sípírìngì. Òfin Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní FMVSS 121, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, ló sọ ọ́ di dandan pé nǹkan tí kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni kó máa di ọkọ̀ mú níbi ìgbọ́kọ̀sí.

Mo lọ bá mẹkáníìkì tírélà kan ní gáréèjì, àgbàlagbà ni, kó fi hàn mí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibo gan-an ni bíréèkì yìí wà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò, má kọ́kọ́ wá bíréèkì. Wá afẹ́fẹ́." Ó tẹ ẹ́ńjìnnì, a jọ ń wo gééjì. Nísàlẹ̀ 60 psi, agogo ìkìlọ̀ ń ké. Nígbà tó dé nǹkan bí 120, a gbọ́ "fṣṣṣ" ńlá kan: kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti yó nìyẹn. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní kí n dákẹ́ kí n máa gbọ́. "Tó bá ń jò, etí ẹ á sọ fún ẹ kí gééjì tó sọ." Ó rá pálá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fa wáyà kékeré kan nísàlẹ̀ táǹkì, omi dúdú tú jáde pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa ní omi nínú. Tí wọ́n bá fún un pọ̀, omi á yà sọ́tọ̀, á pò mọ́ epo kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, á máa ba fáàfù àti rọ́bà jẹ́. Ojoojúmọ́ ló yẹ kí wọ́n tú u. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè wa. Bí hóòsì já, ó dúró. Bí táǹkì jò, ó dúró. Bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kú, agogo á ké, lẹ́yìn náà ó dúró. Ọ̀nà wo ni tírélà wá ń gbà sá lọ?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ò ní í ṣe pẹ̀lú afẹ́fẹ́ rárá. Brake chamber tó wọ́pọ̀ jù ní ojú tó tó ínṣì 30 níbùú lóròó. Ẹ fún un ní 100 psi, ó ti di 3,000 pọ́n-ùn, bí ẹni gbé Corolla kan lé ọ̀pá irin kan lórí. Àmọ́ bí ọ̀pá yẹn bá ṣe ń jáde jìnnà sí ni agbára ẹ̀ ń dín kù. Bí láníìnì bá ń jẹ, ọ̀pá á ní láti rìn jìnnà sí i kó tó kan dúrọ́ọ̀mù. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà fún irú chamber yìí ni ínṣì méjì. Tó bá kọjá ìyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é. Dẹ́rẹ́bà ò ní mọ̀. Gééjì ń sọ pé 120, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń tẹ nǹkan tó le dáadáa, ọkọ̀ sì ń dúró ní ojú ọ̀nà tó tẹ́jú. Ó wá dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pẹ̀lú ẹrù, ó fi jíà sí fíríì kó lè dín epo kù, ó ń tẹ bíréèkì ṣáá. Dúrọ́ọ̀mù gbóná, irin tó bá gbóná á fẹ̀ sí i, ó sì ń sún kúrò lọ́dọ̀ láníìnì. Ọ̀pá tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin tẹ́lẹ̀ ti wá dé òpin báyìí. Sípírìngì náà ò lè gbà á, torí ọ̀pá kan náà àti dúrọ́ọ̀mù kan náà ni òun ń lò. Kò sí ohun tó já. Gbogbo nǹkan wà níbi tó wà.

Láti 1994 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí tírélà tuntun ní slack adjuster tó ń tún ìwọ̀n yìí ṣe fúnra ẹ̀. Ìyẹn náà ní wàhálà tiẹ̀: bó bá ń kúrò ní ìwọ̀n léraléra, nǹkan mìíràn ló bàjẹ́, ẹni tó bá sì kàn fi sípánà fún un padà ti bo àìsàn mọ́lẹ̀ ni.

Ọ̀nà kejì ló ń bí mi nínú jù. Bóòtù gígùn kan máa ń wà lára sípírìngì chamber. Bí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ò sí, wọ́n lè ki bóòtù yìí bọ ẹ̀yìn ẹ̀, kí wọ́n yí i títí sípírìngì á fi padà sẹ́yìn, kí wọ́n lè wọ́ ọkọ̀ lọ sí gáréèjì. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì léwu. Sípírìngì tó bá bọ́ lè pa èèyàn. Àmọ́ bí rọ́bà inú chamber bá ti ń jò, tí sípírìngì ń di táyà mú lójú ọ̀nà, ẹni tí kò lówó tàbí tí kò ní sùúrù lè fi bóòtù yìí dè é, kó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ á máa lọ wẹ́rẹ́. Àwa náà ń ṣe é: àyẹ̀wò kan ń kọ kóòdù wa ṣáá, ẹnì kan á pa àyẹ̀wò náà lẹ́nu mọ́, kóòdù á jáde síta. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ láti 1872 títí di 1975, bóòtù kan ti dè é.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2018, tánkà epo kan pàdánù ìjánu ẹ̀ nítòsí afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní Èkó. Ó kéré tán, èèyàn mẹ́sàn-án kú, ọkọ̀ tó jóná lé ní 50. Bíréèkì ló feeli, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláṣẹ sọ fún wa, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè wa ṣá. Bí ẹ bá ń gba orí òkè kọjá, ẹ máa rí mọ́tò-bọ́ì tó fò sílẹ̀ lára tírélà pẹ̀lú igi lọ́wọ́, tó ń sáré tẹ̀lé táyà ẹ̀yìn kó lè fi há a. Òkúta Armagh nìyẹn, igi ni tiwa. Mi ò bú ọmọ náà. Ẹ̀mí ẹ̀ ló fi ń ṣe iṣẹ́ tí sípírìngì kọ̀ láti ṣe, bí àwọn brakeman orí òrùlé ìjelòó.

Ní Amẹ́ríkà, bí tírélà bá ṣe ìjàǹbá tó le, àwọn olùṣèwádìí á wọ abẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú rúlà. Bí wọ́n bá ṣì lè fún afẹ́fẹ́ sínú bíréèkì, wọ́n á fún un, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wọn bó ṣe jáde tó. Wọ́n á wo láníìnì, wọ́n á wo ihò bóòtù. Táyà kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tiẹ̀ nínú ìwé wọn: ọ̀tún iwájú, òsì iwájú, títí dé èyí tó kẹ́yìn, àti iye ínṣì tí ọ̀pá ẹ̀ rìn.